Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Fọn Fèrè

Títí di òní, bí fèrè bọ́ọ̀lù bá dún nínú tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọ mi, àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á wá gbé mi. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n á ní, "Màmá tún ti lọ síbi tí wọ́n máa ń lọ." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti padà sí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Minna, kété lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo wà lọ́mọge, tó ku ẹnu bàbá mi nìkan kí n tó di ìyàwó.

Minna ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, ìjọ Onítẹ̀bọmi la sì ń lọ. Èdè Hausa ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu kí Yorùbá tó jókòó dáadáa, ìyẹn sì máa ń bí bàbá mi nínú. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo ní "Ina kwana, Baba," á kígbe mọ́ mi: "Ta ni ina kwana? Kúnlẹ̀ jàre, kí o kí mi bí ọmọ èèyàn!" Ọ̀rọ̀ ìkíni lọ̀rọ̀ bàbá mi láyé. Ọbẹ̀ lè jóná, òjò lè wọ ilé, kò ní bínú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, ọ̀rọ̀ wọn kò lè wọ̀ láéláé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti kọ́kọ́ wá tọrọ mi. Akọ̀wé ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó fi òróró sí irun. Nígbà tó dé iwájú bàbá mi, ó kàn tẹ̀ díẹ̀, ó fi orí ìka kan ilẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ he abẹ́rẹ́. Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ?" Bí ọ̀rọ̀ ìyẹn ṣe parí nìyẹn o. Kó tó di pé wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún un, ó ti wà lójú títì.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọkọ mi dé. Kò tíì di ọkọ mi nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀, ẹnu mi kò lè yí padà mọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, aago ló ń túnṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà ọjà. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀, kò dà bí èmi tí aládùúgbò ń gbọ́ ohùn mi láìfẹ́ gbọ́. Ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ mú un wá, bó ṣe fojú kan bàbá mi báyìí, ó na gbalaja. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀, imú rẹ̀ pàápàá kan ilẹ̀. Bàbá mi jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ìyá mi fi wúkọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ló tó ní, "Dìde. Mo ti rí ọ. Màá máa wò ọ́."

Kò ní òun gbà, kò ní òun kọ̀. "Màá máa wò ọ́" yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ọkọ mi gbà pé ojú bàbá mi wà lára òun níbi gbogbo. Ibikíbi tó bá ti pàdé rẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ nìyẹn: láàárín ọjà, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibùdókọ̀ ojú irin níbi tí àwọn èèyàn ti ń ru ẹrù kọjá lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan lásìkò òjò, ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà Fadikpe, ó rí bàbá mi tó ń ti ọmọlanke pákó bọ̀. Kò tilẹ̀ ronú. Ó fò sílẹ̀, ó na ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì ń bá ìrìn àjò tirẹ̀ lọ títí tó fi kó sí kòtò. Bàbá mi ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, dìde," ó sì kọjá lọ bíi pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó délé ló tó rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá mi kò bá a rín. Ó ní, "Ẹ dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Títí ìgbà wo lẹ fẹ́ kó máa jẹ ẹrẹ̀?" Bàbá mi nu ojú rẹ̀, ó ní òun ṣì ń wò ó. Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé mo gún iyán tó kún fún kókó. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, kí n má purọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ti ba aago ilé wa jẹ́ rí nítorí kí n lè gbé e lọ fún un.

Ṣùgbọ́n aago nìkan kọ́ niṣẹ́ rẹ̀. Rẹfirí ni. Alkalin wasa làwọn ọmọdé ìlú ń pè é, bí Hausa ṣe ń pe ẹni tó ń dájọ́ eré, wọ́n á sì máa sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀: "Alkali! Alkali!" Olórí àwọn rẹfirí jẹ́ bàbá Nupe kan tó ti ṣe ṣọ́jà rí. Abẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́bàá pápá ló ti ń kọ́ wọn, ẹni tó bá ń kọjá lè dúró gbọ́, nítorí ohùn bàbá náà kì í ṣe kékeré. Èmi náà máa ń dúró, màá máa díbọ́n pé ẹ̀pà ni mò ń rà.

Bàbá Nupe kò gba gbẹ̀rẹ́. Yóò wo èékánná wọn, yóò wo okùn bàtà wọn, aṣọ tó bá rún, yóò lé onítọ̀hún padà sílé lọ lọ̀ ọ́. Ó ní bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa dájọ́ ẹgbẹ́ méjì, ẹ ò gbọdọ̀ jẹun nílé ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́sẹ̀ náà, omi wọn pàápàá, ẹ ò gbọdọ̀ mu ún. Gbé omi tìrẹ wá nínú ìgò tìrẹ. Bí o bá bá balógun ẹgbẹ́ kan rẹ́rìn-ín, bá èkejì rín in, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dijú pọ̀ sí àwọn méjèèjì. Bí ará ìta bá bú ọ, etí rẹ di. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àṣìṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè jù. "Haba! Ta ni kì í ṣèèṣì? Bí o bá ṣèèṣì, sọ ọ́ síta kí bọ́ọ̀lù tó tún gbéra. Má ṣàlàyé. Má wá ẹni tí wàá dì í rù. Sọ ọ́, tún un ṣe, kí eré máa lọ!"

Òfin kan tún wà tó jẹ́ pé ti Minna nìkan ni. Pápá wa kò jìnnà sí ojú irin, àwọn awakọ̀ ojú irin sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ń kọjá tí wọ́n rí i pé eré ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á fọn fèrè ọkọ̀ láti kí àwọn ará wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí àwọn kan gbọ́ ọ tí wọ́n dúró, tí ẹlòmíràn gbá bọ́ọ̀lù wọlé, tí ìjà bẹ́. Bàbá Nupe wá là á mọ́lẹ̀: fèrè ọkọ̀ ojú irin kì í dá eré dúró, fèrè rẹfirí nìkan ló ń dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè du ife kan. Káfíńtà, télọ̀, bíríkìlà, àwọn ni oníṣẹ́ ọwọ́, bàbá mi sì ni bàbá ẹgbẹ́ wọn. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ òpó góòlù méjèèjì tó wà lórí pápá. Ó tún ti kan pákó ọ̀gànwó kan mọ́ ògiri pálọ̀ wa, ó fá a títí ó fi ń dán, ó ní ibẹ̀ ni ife máa jókòó sí. Ọdọọdún ni rélùwéè ń gba ife, ọdọọdún ni ìyá mi ń nu eruku orí pákó òfìfo. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ti búra pé ife ń bọ̀ wálé.

Rẹfirí tó yẹ kó dá eré náà, ibà gbé e dè. Bàbá Nupe ní kí ọkọ mi bọ́ sí i. Ọkọ mi dìde lójú gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n má ṣàì mọ̀ pé òun ń tọrọ ọmọ bàbá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Bàbá Nupe bi í, "Wọ́n ti fún ọ?" Ó ní rárá. "To! O ò tíì di àna ẹnikẹ́ni nìyẹn." Síbẹ̀, ó ránṣẹ́ pe balógun ẹgbẹ́ méjèèjì, ó bi wọ́n léèrè. Ti rélùwéè ní àwọn fara mọ́ ọn, pé bí ìyá ọkùnrin náà bá ṣẹ̀ lórí pápá, yóò fọn fèrè fún un. Mo gbọ́, orí mi wú. Mi ò mọ ohun tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà, kò yọjú sílé wa rárá. Ìyá mi se mọ́ínmọ́ín eléwé, ó fi ẹyin sí i, ó ní kí n gbé e lọ fún un. Mo wẹ̀, mo lé tìróò, mo rọra ń rìn kí n má bàa làágùn. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà wo abọ́, kò wo èmi. Ó ní, "Jọ̀ọ́, gbé e padà. Tó bá dọjọ́ Àìkú, màá wá jẹ ẹ́ nílé yín, màá lá ewé rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò lè fẹnu kàn án."

Háà! Èmi! Mọ́ínmọ́ín ìyá mi! Mo ní, "Ṣé májèlé ló wà níbẹ̀ ni?" Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni àbí bọ́ọ̀lù?" Ó ní, "Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n gbé e padà." Ó sì tẹ orí bọ inú aago tó ń tún ṣe. Mo yíjú padà fùú. Mo jókòó sórí òkúta kan lọ́nà Dutsen Kura, mo fi ìbínú jẹ gbogbo mọ́ínmọ́ín náà tán. Ìgbà tí mo gbé abọ́ òfìfo délé, ìyá mi bi mí bóyá ó gbádùn ẹ̀. Mo ní wọ́n gbádùn ẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ eré pé. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa ń fò lórí pápá, gbogbo Minna ló jáde. Èmi àti ìyá mi jókòó láàárín àwọn obìnrin lábẹ́ dóńgóyárò, ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn òpó góòlù bàbá mi gan-an. Ọkọ mi jáde nínú aṣọ dúdú rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ funfun, ó lọ̀ ọ́ débi pé ojú ìlọ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Aago wà ní ọwọ́ ọ̀tún, aago wà ní tòsì. Kò wò wá. Bàbá mi ní tirẹ̀ kì í jókòó wo bọ́ọ̀lù. Ó da agbádá bora, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ń pàṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Mo ṣàkíyèsí pé bí bàbá mi bá bọ́ sí apá ọ̀tún, ọkọ mi á gba apá òsì. Mo ní nínú mi pé, "Ọlọ́run ọba, jẹ́ kí àwọn méjì yìí má pàdé lónìí."

Eré náà le. Kò sí ẹni tó rí góòlù jẹ. Ó ti kù díẹ̀ kó parí, ojú ti pọ́n gbogbo èèyàn, bàbá mi sì ti kó agbádá rẹ̀ wá sí ìtòsí góòlù rélùwéè, ibi tí a jókòó sí, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Kò mọ̀ pé òun ti rìn kọjá ìlà wọ inú pápá. Télọ̀ kan báyìí, ọlọ́wọ́ òsì, ẹlẹ́sẹ̀ òsì, gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́, ó gbé èèyàn kan sọ sẹ́yìn, ó gbé èkejì sọ sẹ́yìn. Ọkọ mi ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ríran dáadáa. Ó gbójú sókè. Bàbá mi rèé níwájú rẹ̀.

Kí n tó lè ṣẹ́jú, alkalin wasa ti wà nílẹ̀ gbalaja.

Ẹ̀yin èèyàn mi, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀! Bí àyà rẹ̀ ṣe gbá ilẹ̀, gbogbo èémí inú rẹ̀ gba ẹnu fèrè jáde: "Fíìììì!" Aṣọ́lé rélùwéè gbọ́ fèrè, ó sọ ọwọ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ dúró. Télọ̀ yẹn náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ, bọ́ọ̀lù sì wọnú àwọ̀n gbì. Ariwo sọ. Bàbá mi fò sókè tòun tagbádá, síbẹ̀ ìwà kò jẹ́ kó gbàgbé, ó ń fò, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, dìde! Góòlù! Dìde! Góòlù o!"

Àwọn rélùwéè ya bo ibẹ̀. "Fèrè ti dún! Fèrè ti dún kó tó gbá a!" Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní irọ́ ni, fèrè ọkọ̀ ojú irin ló dún. Lóòótọ́, ọkọ̀ kan wà ní ibùdókọ̀. Balógun rélùwéè bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ̀ wo? Àwa kọ́ la ni wọ́n ni? Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn, wọn ò tíì dáná sí i!" Àwọn wọ̀nyí ń fa aṣọ, àwọn wọ̀nyẹn ń fa aṣọ. Nígbà tó yá, gbogbo wọn rántí pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́. Wọ́n yíjú sí ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, tí eruku ti sọ aṣọ dúdú rẹ̀ di pupa.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, olórí àwọn télọ̀, sún mọ́ ọn. Ó rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwa obìnrin gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọmọ wa, ọkọ̀ ojú irin ni, àbí? Ṣáà ti ní ọkọ̀ ojú irin ni." Bàbá mi ń wò ó ni, bó ṣe ṣèlérí pé òun á máa wò ó.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó wà ńlẹ̀. Bó bá ní ọkọ̀ ojú irin ni, góòlù dúró, ife délé, bàbá mi á fi ayọ̀ gbé mi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ní òun ni, ó ti fi ìdọ̀bálẹ̀ pa góòlù àna rẹ̀ nìyẹn, bóyá ni kò ní lọ bá akọ̀wé tó ń wá abẹ́rẹ́. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi, mo di ọwọ́ mi pọ̀, mo gbàdúrà pé kó purọ́. Mo gbà á tọkàntọkàn.

Ọkọ mi yọ fèrè lẹ́nu. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ó kọ́kọ́ fi Hausa sọ ọ́ kí gbogbo pápá lè gbọ́: "Ni na busa. Laifina ne. Babu gol!" Ó wá yíjú sí bàbá mi àti àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo fọn fèrè. Àṣìṣe mi ni. Kò sí góòlù." Kò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Kò ní bàbá kan ló wọ inú ìlà. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó sọ ọ́ sílẹ̀ láàárín agbábọ́ọ̀lù kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, eré ń lọ. Kò sì pẹ́ tí rélùwéè fi jẹ góòlù kan, góòlù tó mọ́ tónítóní. Eré parí. Ife tún bá wọn lọ.

Bàbá mi gbọn agbádá rẹ̀, ó lọ sílé láìwo ẹ̀yìn. Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ní, "Má sunkún níta, dúró ká délé," òun náà sì ti ń fi ìborùn nu ojú. Ọkọ mi kò lè tẹ̀lé wa. Ọ̀dọ̀ Bàbá Nupe ló gbà lọ, ó dúró ṣánṣán, ó ní, "Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan nígbà tí fèrè wà lẹ́nu mi." Wọ́n ní bàbá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọkọ mi kò ní fọwọ́ kàn án títí òjò á fi dé.

Bàbá mi kò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó lábẹ́ pákó òfìfo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a kẹ́dùn. Èmi wà lẹ́yìn ògiri, mò ń gbọ́ wọn. Olórí télọ̀ ní, "Ká ní ọmọ yẹn ti ní ọkọ̀ ojú irin ni, ife ìbá wà lórí pákó yìí báyìí." Bàbá mi fò dìde bí ẹni tí iná jó. "Kí n máa wá wo irọ́ láràárọ̀ lórí pákó tí mo fi ọwọ́ ara mi fá? Bí àlejò bá bi mí bí a ṣe gba ife, kí n ní kí ni? Kí n ní wọ́n bá mi parọ́ mọ́ ọkọ̀ tí wọn ò tíì dáná sí? Ẹ máa lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́!" Ẹnu yà mí. Ṣùgbọ́n ìgbà tó jókòó padà, ojú rẹ̀ ṣì le koko, mo ní nínú mi pé ọ̀rọ̀ tèmi ti bàjẹ́.

Oòrùn ń rọ̀ nígbà tí ọkọ mi wọlé. Ó wọ bùbá funfun, ojú rẹ̀ ti hunjọ. Ó na gbalaja. Bàbá mi kò ní kó dìde. Ìyá mi wúkọ́. Bàbá mi ní, "Wúkọ́ lọ sọ́hùn-ún." Ó wá tẹ̀ síwájú.

"Lánàá, lórí pápá, ta lo dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Aṣọ wo ló wà lọ́rùn rẹ?"

"Aṣọ dúdú, sà."

"Bí aṣọ yẹn bá wà lọ́rùn rẹ, ta ni ọ̀gá lórí pápá?"

Ọkọ mi fi imú sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ pé, "Èmi ni, sà."

"Kí ló wá dé tí ọ̀gá ń dọ̀bálẹ̀ fún káfíńtà tó rìn wọ inú ìlà? Ṣe ló yẹ kí o lé mi jáde! Góòlù tó dùn tó bẹ́ẹ̀! Inú ń bí mi, màá sì máa bínú títí n ó fi kú. Àmọ́ ẹnu tí o fi sọ pé ìwọ lo fọn ọ́n, mi ò bá ẹnu yẹn jà. Wá gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tí o bá tún dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú aṣọ dúdú, ọjọ́ náà ni màá gba ọmọ mi padà lọ́wọ́ rẹ!"

Ìyá mi yọ orí láti ẹnu ọ̀nà tòun ti ìgbákọ. "Ẹ máa gbà á padà? Ìgbà wo lẹ fún un?"

Bàbá mi wo òrùlé, ó họ orí. Ó ní, "Ṣé mi ò tíì sọ ọ́ ni?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo ya jáde láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹnu mi ló kígbe, èmi kọ́: "Alhamdulillahi!" Bàbá mi yíjú sí mi, "Ìwọ ọmọ Onítẹ̀bọmi yìí!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi ń rín tirẹ̀ láti ilẹ̀, nítorí kò tíì sí ẹni tó ní kó dìde. Ìyá mi ní kó dìde jókòó sídìí tábìlì, ó gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ó ní, "Jẹ ẹ́, ọkọ mi, mo gbọ́ pé o gbádùn ti ìjọ́sí gan-an." Ọkọ mi wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé.

A ṣègbéyàwó kí òjò tó dé. Ìyá mi gbé fọ́tò wa sórí pákó ọ̀gànwó, bàbá mi ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná títí ife á fi dé. Bàbá Nupe dá fèrè padà fún ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dá eré ẹgbẹ́ bàbá mi mọ́ láéláé. Ó ní àna ti di àna. Eré àkọ́kọ́ tó wá dá, àwọn olùkọ́ àti rélùwéè ni. Bàbá mi kò ní ẹnì kankan níbẹ̀, ó kàn wá kí wọ́n lè na rélùwéè lójú rẹ̀ ni.

Gbogbo ìlú ti gbọ́ ìtàn wa. Èrò wá láti Tayi lọ́hùn-ún pàápàá, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá wò. Bí ọkọ mi bá ti sáré sún mọ́ ibi tí bàbá mi dúró sí, wọ́n á na ọrùn. Ní ìdajì kejì, bọ́ọ̀lù jáde sí ẹ̀gbẹ́ náà gan-an. Ọkọ mi sá tẹ̀ lé e. Bàbá mi dúró gbagidi nínú agbádá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wà nínú ìlà. Ojú kan ojú. Mo rí i tí orúnkún ọkọ mi fẹ́ yẹ̀. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú.

Orúnkún náà dúró. Ọkọ mi fọn fèrè, ó nàka sí ìlà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn."

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìlà, ó wo aṣọ dúdú. Títí tí ó fi kú, kò jẹ́wọ́ fún mi bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹsẹ̀ náà síbẹ̀ ni. Ó fà á padà. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀, òun tí mi ò rí i kó ṣí i fún ẹnikẹ́ni rí láìjẹ́ pé a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e mọ́ àyà, ó tẹrí ba, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo pápá gbọ́: "Ẹ má bínú, rẹfirí."

Ọkọ mi sáré lọ. Bàbá mi dúró bẹ́ẹ̀, fìlà lọ́wọ́, títí tó fi dé àárín pápá. Ó wá dé e padà, ó tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì figbe ta: "Rẹfirí! Ọwọ́ ló fi kàn án! Ṣé o fọ́jú ni?"